Abọ́ Tí Omi Ò Kán Sí

Alápáǹdẹ̀dẹ̀, ọmọ ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo kí ara rẹ, mo kí iṣẹ́ rẹ, mo kí ẹsẹ̀ rẹ ọ̀tún tó máa ń wú bí o bá dúró pẹ́ nílé ìwòsàn tí o ti ń ṣiṣẹ́. Bí o bá wà ní àlàáfíà, ìdajì àlàáfíà tèmi nìyẹn. Ìdajì kejì wà lọ́wọ́ orúnkún mi, orúnkún náà kì í sì gbọ́ràn sí mi lẹ́nu mọ́. Mò ń jẹun. Mò ń sùn. Èmi nìkan ni mo wà nínú ilé, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń dí mi lọ́wọ́ nínú méjèèjì.

Tíṣà òdìkejì títì ló ń bá mi kọ ìwé yìí. O rántí rẹ̀, òun ló kọ́ ọ ní ìṣirò, tó máa ń fi okùn so gíláàsì ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ó ní òun á máa tún ọ̀rọ̀ mi ṣe bí òun ṣe ń kọ ọ́. Mo ní kó má tún un ṣe. Ẹnu mi ni mo fẹ́ kí o gbọ́, kì í ṣe ẹnu tíṣà. A ti jà lórí èyí lẹ́ẹ̀mejì kí a tó dé ibi tí a dé yìí.

Ìdí tí mi ò fi pè ọ́ lórí fóònù ni pé fóònù kì í jẹ́ kí ènìyàn sọ̀rọ̀ parí. Bí mo bá ti sọ gbólóhùn mẹ́ta, wàá ní, "Màmá, ẹ jẹ́ n pè yín padà." Mi ò bá ọ jà. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìjì ti jà, mo ti ní irú "ẹ jẹ́ n pè yín padà" bẹ́ẹ̀ mẹ́rin nílẹ̀, kò sì sí ọ̀kan tó tíì padà wálé. O ò lè já ìwé mọ́ mi lẹ́nu. Wàá kà á tán.

Nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ohun méjì lo bi mí. O ní kí ló dé tó fi gbà mí ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí n tó yan ẹni tí yóò tún òrùlé ṣe, nígbà tó jẹ́ pé ìwọ fúnra rẹ ti rán ẹnì kan sí mi. O tún ní ṣé yàrá rẹ ò bà jẹ́. Mo dá ọ lóhùn pé mò ń fara balẹ̀ wá ẹni tó ṣeé fọkàn tán ni, mo sì ní yàrá rẹ wà bí o ṣe fi í sílẹ̀. Ìdáhùn àkọ́kọ́ jẹ́ ìdajì òótọ́. Èkejì jẹ́ irọ́. Tíṣà ní kí n má pè é ní irọ́, kí n ní "kò rí bẹ́ẹ̀ gan-an". Mo ní kó kọ irọ́.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìjì. Ọ̀sán gangan ló jà. Mò ń ká aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí ilẹ̀ ṣú lójijì, tí atẹ́gùn wọ abẹ́ òrùlé yàrá rẹ. Mo gbọ́ tí àwọn ìṣó ń fà tu lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí wọ́n ń yọ eyín lẹ́nu ẹni tó ti sùn. Lẹ́yìn náà ó ká páànù mẹ́rin kúrò lókè bí ẹni ká ẹní. A rí mẹ́ta lẹ́yìn ilé. Pápá ìṣeré ilé ìwé ni wọ́n ti rí ẹ̀kẹrin. Nínú àwọn yàrá yòókù, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì ń kán lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ilé ìdáná. Gbogbo àdúgbò ló jẹ nínú rẹ̀. Òjò ò mọ ẹni ọ̀wọ̀, ẹni eji rí leji ń pa.

Ní ọjọ́ kejì mo gbé ọ̀pá mi, mo rin àdúgbò yí ká. Àwọn ènìyàn dúró síta, wọ́n ń wo àwọn òrùlé tó ṣí, wọ́n ń mi orí. Èmi ò wo ìyẹn. Àwọn òrùlé tí kò ṣí ni mo wò. Bí mo bá ti rí ọ̀kan, mo kan ilẹ̀kùn, mo sì bi wọ́n pé ta ló kan òrùlé yín. Ó ti pé ọdún kan ààbọ̀ tí mo ti kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni kẹ́yìn, ọwọ́ mi kọ́kọ́ kọ̀. Ilé mẹ́rin ló dá mi lóhùn. Mẹ́ta nínú wọn, pẹ̀lú ilé Tíṣà yìí, dárúkọ ẹnì kan náà. Bí o bá ń wá oníṣẹ́ òrùlé níbi tí o wà, má béèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́. Béèrè lọ́wọ́ ìjì.

Ẹni tí wọ́n dárúkọ yìí ni wọ́n ń pè ní Baba Àkàbà, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ló máa ń gbé àkàbà rẹ̀ léjìká kiri, kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Mo ránṣẹ́ sí i. Àwọn méjì mìíràn sì ti ń bọ̀, èyí tí ìwọ rán àti ọmọ àbúrò mi, tó gbọ́ pé òrùlé ṣí tó sì rán ara rẹ̀. Mo wá bi ara mi pé báwo ni mo ṣe máa mọ ẹni tó ń sọ òótọ́ nínú wọn. Mi ò mọ̀wé tí mo fi lè ka ohun tí wọ́n bá kọ. Mi ò lè gun òkè. Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ju gbogbo wọn lọ ni ibi tí omi ti ń kán nínú ilé mi.

Nítorí náà mo kó àwọn abọ́ kúrò níbi tí ilé ti ń jò. Mo nu ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ, mo tẹ́ ẹní lé ti ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì fi àga bo ti ilé ìdáná. Lẹ́yìn náà mo gbé abọ́ mẹ́ta síbi tí omi ò kán sí rí láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé yìí. Ọ̀kan wà láàárín pálọ̀, ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí aṣọ mi, ọ̀kan wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Mo bu omi díẹ̀ sínú wọn kí ọ̀rọ̀ lè jọ òótọ́. Mo wá jókòó, mo ń dúró.

Ẹni tí o rán ló kọ́kọ́ dé. Ó so táì mọ́rùn, bàtà rẹ̀ mọ́ ju ìlẹ̀kẹ̀ lọ. Mo wo bàtà náà, mo sì bi ara mi pé irú òrùlé wo ni bàtà yìí gùn rí. Ó dúró síta, ó gbé fóònù sókè, ó ya àwòrán. Ó wọlé, ó rí abọ́ àárín pálọ̀, ó wo àjà lókè rẹ̀, ó pòṣé. Ó ní, "Ẹ ò rí i, Màmá? Ihò tó wà lókè ibí yìí, ọwọ́ mi á wọ̀ ọ́. Gbogbo òrùlé yìí ti kú." Mo ní, "Ìgbà wo lo gòkè lọ wo òkú?" Ó rẹ́rìn-ín, ó fa ìwé yọ, ó ní kí n tẹ̀ka sísàlẹ̀, ó ní òun àti ìwọ ti sọ ọ́ parí. Mo ní ẹni tó bá a sọ ọ́ parí ni kó wá tẹ̀ka. Ó sọ fún ọ pé mo le. Mo le.

Ọmọ àbúrò mi ni ìkejì, èyí tí gbogbo ilé ń pè ní Olóyin nítorí ẹnu rẹ̀. Ó kí mi kú ilé, ó kí mi kú ìjì, ó kí mi kú àmúmọ́ra, ó kí mi kú ìdánìkanwà, ó kí mi kú ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó kí mi dé kú ìjókòó, mo ní kí òun náà jókòó. Ó fa téèpù yọ, ó wọn ògiri, ó wọn ilẹ̀kùn. Mi ò mọ ohun tí ilẹ̀kùn ṣe. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́ abọ́ ẹ̀gbẹ́ àpótí aṣọ, ó gbójú sókè, ó ní, "Ibi gan-an nìyí, Màmá mi. Omi ti jẹ igi ibẹ̀ dé inú. Mò ń gbóòórùn rẹ̀." Mo ní mo gbọ́. Ó ní kí ni mo tún ń rò sí, ṣé ẹ̀jẹ̀ kan náà kọ́ ni wá? Mo ní ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kì í kan páànù. Kò gun òkè. Kò tilẹ̀ mú àkàbà wá.

Baba Àkàbà dé ní ọjọ́ karùn-ún. Ó jù mí ní "Ẹ kú ilé" kan ṣoṣo, ó fi àkàbà ti ògiri, ó gòkè. Òòlù ti jẹ díẹ̀ nínú etí rẹ̀, nítorí náà ariwo ló fi máa ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ó pẹ́ lókè tó fi jẹ́ pé mo se omi tíì, ó hó, ó sì tún tutù. Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ láti yàrá kan dé èkejì. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó wọlé, ó wo abọ́ àárín pálọ̀, ó wo òkè, ó tún wo abọ́. Ó ti ìka bọ inú omi náà, ó gbé e símú. Ó ní, "Ìyá, ta ló gbé abọ́ síbí?" Mo ní èmi ni. Ó ní, "Kò sí ihò níbí. Omi ẹ̀rọ sì ni omi yìí." Ó kọjá lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ká ẹní mi kúrò, ó ní, "Ibí ló ń jò." Ó lọ sí ilé ìdáná, ó gbé àga kúrò, ó ní, "Àti ibí. Kí lẹ fi ń dán mi wò?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín ara mi kẹ́yìn. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹlòmíràn ló wọlé.

Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òrùlé náà kò kú. Ó ní páànù mẹ́rin ló lọ, ìṣó mọ́kànlá ló sì wà níbi tí kò yẹ kó wà. Ó mú àkékù páànù kan, ó fi hàn mí. Ó ní ibi tó ga lára páànù ni ènìyàn ń kan ìṣó sí, kì í ṣe ibi tó jìn, nítorí inú ibi tó jìn yẹn ni omi ń gbà lọ, ẹni tó bá kan ìṣó síbẹ̀ ti lu ihò sójú ọ̀nà omi. Ó ní iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin ni, òun lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Ó ní yàrá tó ṣí yẹn ti mu omi ìjì, kò gbọdọ̀ mu òmíràn. Ó mú tapólì kan wá láti ilé rẹ̀, ó fi bo ibẹ̀, ó ní, "Ọ̀sẹ̀ kan ni èyí lè fara dà. Kì í ṣe òrùlé o."

O rí i pé ní ọjọ́ karùn-ún, ohun tí mò ń wá ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ìjì ti fi ẹni náà hàn mí, abọ́ sì ti jẹ́rìí sí i. Ohun tó yẹ kí n sọ ni "Ẹ máa bọ̀ lọ́la." Ohun tí mo sọ ni "Ẹ jẹ́ kí n rò ó." Ìdajì òótọ́ tí mo sọ fún ọ parí síbí.

Mo pe àwọn mìíràn. Mẹ́rin ni wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ní ọrùn tó le tí kò lè wo òkè, ó sì ní iṣẹ́ òrùlé ni òun ń ṣe. Ọ̀kan ní òyì máa ń kọ́ òun bí òun bá gun ohun tó ga ju àpótí lọ. Àwọn méjì yòókù dára díẹ̀. Mi ò gba ìkankan nínú wọn, mi ò sì ní in lọ́kàn láti gbà wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wá wo òrùlé gbọ́dọ̀ jókòó. Ẹni tó bá jókòó á mu omi. Ẹni tó bá mu omi á béèrè pé ọmọ mélòó ni mo bí, màá sì dárúkọ ìyá rẹ, màá dárúkọ rẹ, màá sọ bí o ṣe máa ń gun gbogbo ohun tó bá dúró lóòró, tí mo fi sọ ọ́ ní Alápáǹdẹ̀dẹ̀, ẹyẹ tí kì í gbé ilẹ̀. Ọkùnrin ọlọ́rùn líle yẹn jókòó di ìrọ̀lẹ́. Ó mọ gbogbo ìtàn rẹ báyìí.

Ènìyàn méje ló wọ ilé yìí láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ní odidi ọdún kan tó ṣáájú ìjì, ẹni méjì ló wọ̀ ọ́. Ọ̀kan wá ka mítà iná. Èkejì ṣìnà.

Bí òrùlé bá ti dára, kí ni wọ́n tún ń bọ̀ wá ṣe? Bí mo ṣe rò ó nìyẹn. Mi ò sọ pé ó bọ́gbọ́n mu. Baba Àkàbà wá bi mí lẹ́ẹ̀mẹta láàárín rẹ̀, ó ń tọ́ka sí tapólì, ó ń ní oòrùn ti ń jẹ ẹ́. Mo ní mò ń rò ó. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá wá, mo máa ń gbé àga fún un.

Tíṣà ti dáwọ́ ìwé kíkọ dúró. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Ó ní, "Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti wà ní òdìkejì títì, ẹ ò pè mí." Mo ní ìwọ náà ò wá. Ó ní òun rò pé mi ò fẹ́ àlejò ni, nítorí ẹnu mi. Mo ní mi ò mọ bí ènìyàn ṣe ń kan ilẹ̀kùn ẹlòmíràn láìní ohun tó ń wá. Ó ní òun náà ò mọ̀ ọ́n. Àwa méjèèjì jókòó báyìí bí ọmọ ilé ìwé tó gba òdo. Mo ti ní kó máa kọ lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yàrá rẹ ló kù. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, òjò ńlá kan rọ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán. Tapólì ya láti orí dé ìdí. Nígbà tí mo ṣí ilẹ̀kùn yàrá náà, omi ń dà wọlé bí ẹni pé ìta ni mo ṣí ilẹ̀kùn sí. Ibùsùn rẹ bà jẹ́. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan, ibùsùn wà lọ́jà. O rántí ògiri ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ọdún tí ìyá rẹ kú tí mo gbé ọ wálé, ọmọ ọdún márùn-ún ni ọ́, o kéré ju bó ṣe yẹ lọ, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá oúnjẹ mi ń ṣe ọ́ láǹfààní. Mo mú ọ dúró ti ògiri yẹn, mo gbé àwo lé ọ lórí kó tẹ́jú, mo fi ìṣó fa ìlà. Lọ́dọọdún, bí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi gígùn, mo fà á, títí o fi pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí o ní ojú ń tì ọ́. Ìlà méjìlá.

Gbogbo ayé mọ̀ pé mi ò lè kọ lẹ́tà kan. Ìlà méjìlá yẹn ni gbogbo ìwé tí mo kọ láyé mi. Ògiri náà rọ̀ bí búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì, ó ya, ó wó sílẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn dé abẹ́ fèrèsé. Mo kó o sínú garawa, mo ní bóyá mo lè rí èyí tó ṣì dì mọ́ra nínú rẹ̀. Ẹrẹ̀ ni. Kì í ṣe ìjì ló ṣe é. Ìjì jà, ògiri dúró. Èmi ni mo ṣe é.

Baba Àkàbà dé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì láìjẹ́ pé mo pè é. Ó wo yàrá náà. Inú bí i, ariwo rẹ̀ dé òdìkejì títì. Ó ní, "Mo sọ fún yín ní ọjọ́ karùn-ún. Kí lẹ ń dúró dè? Ṣé ẹ ò fọkàn tán mi ni?" Mo ní mo fọkàn tán an. Ó ní láti ìgbà wo? Mo ní láti ìgbà tó ti gbóòórùn abọ́. Ó ní, "Kí ló wá dé?" Mo ní, "Ẹni tó bá tún un ṣe tán á lọ." Mo ní láti pariwo kó tó gbọ́, nítorí náà mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, èkejì sì le láti sọ ju èkíní lọ. Ó dúró, ó di àkàbà rẹ̀ mú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣó, lẹ́yìn náà ó gòkè.

Alápáǹdẹ̀dẹ̀, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni gbogbo ènìyàn fi ń kọ́ mi bí a ṣe ń mọ oníṣẹ́ tó ṣeé fọkàn tán. Ìwọ kọ́ mi lórí fóònù, Olóyin kọ́ mi, Tíṣà kọ́ mi. Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá onílé ṣeé fọkàn tán. Wọn ì bá ti gbé abọ́ sílẹ̀ fún èmi náà.

Ó ṣe iṣẹ́ náà ní ọjọ́ mẹ́rin bó ṣe sọ. Páànù tuntun mẹ́rin ló wà lórí yàrá rẹ báyìí. Ó yọ ìṣó mọ́kànlá yẹn, ó dí ojú wọn, ó kan òmíràn síbi tó ga. Ó mú bírìkìlà kan wá tó mọ ògiri náà padà, tó sì rẹ́ ẹ. Nígbà tó gbẹ, Baba Àkàbà bi mí bóyá mo rántí gíga rẹ ní ọdọọdún, ó ní òun lè bá mi fa àwọn ìlà náà padà. Mo rántí gbogbo rẹ̀. Ní ọmọ ọdún márùn-ún, ìbàdí mi ni orí rẹ dé. Ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, o ga ju ìgúnpá mi lọ díẹ̀. Ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá, o kan èjìká mi, ọdún kejì o ń wo ojú mi tààrà, o sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá mi lóhùn.

Mo dúró ti ògiri náà kó lè fi ara mi wọ̀n ọ́n. Ó ti mú ìṣó dání. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé pẹpẹ ilé ìdáná tí mo máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ kàn, orí ìka ni mo fi ń kàn án nísinsìnyí. Mo ti kúrú. Bí ó bá fi ara mi wọ̀n ọ́n, irọ́ ni gbogbo ìlà náà á pa, wọ́n á sọ ọ́ di ọmọ tó kéré ju bó ṣe rí lọ. Irọ́ tí mo ti pa fún ọ ti tó. Mo ní kó fi ìṣó sílẹ̀.

Bírìkìlà ní kí n jẹ́ kí òun kùn ún. Mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wà níbẹ̀, ó gbẹ, ó tẹ́jú bí ìwé tí ẹnikẹ́ni ò tíì kọ nǹkan sí. Ìlà kan ṣoṣo ni mo ṣì lè fà tí yóò jẹ́ òótọ́, ìwọ nìkan lo sì lè dúró fún un. Ọdún keje rèé tí o ti lọ. Mi ò bẹ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé mo ti ba ògiri rẹ jẹ́, o lè bínú, máa bínú bọ̀. Ìṣó náà wà lórí ojú fèrèsé. Àwo náà kò fọ́.

Kí òrùlé tí o ń sùn sábẹ́ rẹ̀ má ṣí. Kí ẹni tí o bá fọkàn tán má já ọ kulẹ̀, kí ìwọ náà má já a kulẹ̀. Kí ẹsẹ̀ rẹ má wú mọ́. Kí o dàgbà títí ara rẹ á fi kúrú, kí ẹni tó máa wọ̀n ọ́ sì wà nítòsí.

Èmi ni,
Ìyá tó bí ìyá rẹ.
(Mo tẹ̀ka síbí. Kò sẹ́ni tó kán mi lójú.)

Àfikún: Òjò rọ̀ lánàá, Tíṣà ò sì tíì fi ìwé yìí ránṣẹ́, nítorí náà mo ní kó fi èyí kún un. Ilé ò jò. Mo rìn yí gbogbo yàrá ká, kò sí ohun tí mo fẹ́ ṣe níbì kankan. Nígbà tó dá díẹ̀, Baba Àkàbà dé, ó ní òun máa ń wá wo òrùlé tí òun bá kàn lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́. Ó bá abọ́ kan láàárín pálọ̀. Ó wo òkè, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan inú rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, abọ́ yìí gbẹ." Mo ní mo mọ̀. Ó fi àkàbà ti ògiri, ó fa àga, ó jókòó.